Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ỌKỌ̀ ỌLỌ́GẸ̀DẸ̀ TÍ OGUN GBÀ

 

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọjà tí kò gba ìjáfara. Kòkó tó gbẹ dáadáa lè wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Obì lè dúró nínú agbọ̀n bí a bá ń fi ewé tútù tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátì, ẹja àti ẹran kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ló ń bá sáré. Bí ọjọ́ bá yá jù ú lọ, èrè á kọ́kọ́ lọ, ojú owó náà á sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ronú àtira fíríìsà ńlá, tàbí àtikọ́ yàrá òtútù, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní kóòdù-rúùmù. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n kí a tó fi owó àjọ lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí òtútù lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan wá, orúkọ rẹ̀ ni Pomona. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni. Ogun Hítílà gbà á, ó pa orúkọ rẹ̀ dà, ó sì rán an lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ìtàn náà kò jìnnà sí wa bí ẹ ti lè rò. Ẹ̀bá òkè Kamẹrúùnù ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nígbà tí ìjọba tó wà ní Èkó ń ṣàkóso ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà.

BÍ ỌKỌ̀ OLÓTÙÚTÙ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Láyé àtijọ́, ohun tó bá lè bàjẹ́ kì í rin ìrìn àjò jìnnà àfi kí a yan án, kí a sá a, tàbí kí a fi iyọ̀ sí i. Ní ọdún 1882, ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ Dunedin gbé ẹran àgùntàn dídì láti New Zealand dé London láìbàjẹ́. Nígbà tó di 1901, ọkọ̀ Port Morant gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Jamaica lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó wà lẹ́yìn òwò yẹn ni Alfred Jones, ọ̀gá Elder Dempster, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa ní èbúté Èkó.

Ẹ fetí sí èyí o. Ẹ̀rọ òtútù kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń kó jáde. Ó dà bí ẹni tó ń fi igbá gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó ń jò: bó bá dáwọ́ dúró, omi á tún kún un. Nínú irú ọkọ̀ bíi Pomona, wọ́n á fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé, bíi èèpo igi kọ́ọ̀kì, bo ara ògiri yàrá ẹrù. Ẹ̀rọ á mú páìpù tutù, fáànù ńláńlá á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára páìpù náà lọ bá ẹrù. Afẹ́fẹ́ yìí á gba ooru tó wà lára ẹrù, á gbé e padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì kó o dà síta. Funfun ni wọ́n ń kun ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí oòrùn má baà mú wọn jù.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀, ohun alààyè ni. Bí a ti gé e lórí igi náà, ó ṣì ń mí, ó ń mú ooru jáde, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ kan sílẹ̀ tí ń mú kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ mọ èyí kí òyìnbó tó kọ ọ́ síwèé, nítorí ẹ máa ń bò ó mọ́ inú àpò bí ẹ bá fẹ́ kó tètè pọ́n. Nínú ọkọ̀, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á gé e ní àìpọ́n, wọ́n á sì fi í sí nǹkan bí ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, á pọ́n sójú òkun. Bó bá tutù jù bẹ́ẹ̀, èèpo rẹ̀ á dúdú, kò sì ní pọ́n dáadáa mọ́. Ẹni tó bá ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú fíríìjì rí mọ ohun tí à ń wí. Ti ẹran àti ẹja dídì yàtọ̀: wọ́n ń fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, kí wọ́n le gbagidi.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ bá pọ́n láàárín yàrá ẹrù, ó lè kó ran gbogbo yàrá náà. Nítorí èyí, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ máa ń wo ìwọ̀n ooru lọ́sàn-án àti lóru, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kíkọ yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

ẸNI TÓ NI OKO LÓ NI ỌKỌ̀

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n gba Kamẹrúùnù lọ́wọ́ Jámánì, wọ́n sì pín in fún Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Apá ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n so mọ́ Nàìjíríà. Ní 1924, wọ́n gbé àwọn oko ńláńlá tó wà lẹ́bàá òkè náà ta ní gbàǹjo ní London, àwọn ará Jámánì ló sì tún ra èyí tó pọ̀ jù padà. Ilẹ̀ àwọn Bakweri ni ilẹ̀ náà láti ilẹ̀ wá. Jámánì ló gbà á lọ́wọ́ wọn kí ọdún 1900 tó dé. Ẹ wò ó, wọ́n ń ná ilẹ̀ baba wọn ní London, àwọn onílẹ̀ sì wà nílé, wọn kò gbọ́ iye tí wọ́n dá lé e.

Ọ̀kan nínú àwọn olóko náà ni Afrikanische Frucht-Compagnie, tí ilé-iṣẹ́ Laeisz ti ìlú Hamburg dá sílẹ̀ ní 1912. Laeisz yìí kan náà jẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi láti ìgbà pípẹ́, ó sì ní àṣà kan: orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà P ló ń sọ àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òwò ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbèrú ní èbúté Tiko, ó kan àwọn ọkọ̀ olótùútù. Pionier dé ní 1933, Pelikan ní 1935, Pomona sì dé ní 1938. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á wọ Tiko, á kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní odidi bí wọ́n ti gé e lórí igi, á sì kọrí sí Hamburg, ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to òwò náà. Oko jẹ́ tiwọn. Reluwé kékeré tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde láti inú oko jẹ́ tiwọn. Ọkọ̀ jẹ́ tiwọn. Ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Hamburg, ọ̀dọ̀ ara wọn ni. Láti orí igi títí dé ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Àgbẹ̀ Bakweri tó bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè jẹ ẹ́, ó lè tà á fún aládùúgbò, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dé Hamburg láéláé. Ẹni tó ni òtútù ló ni ọjà.

OGUN BÁ POMONA NÍ LONDON

Ní ọjọ́ 3 oṣù September 1939, Ìlú Ọba kéde ogun sí Jámánì. Ó bá Pomona ní èbúté London. Ọkọ̀ ọ̀tá tí ogun bá bá nílé ẹni ti di ìkógun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ ọ́ ní Empire Merchant. Ọ̀rọ̀ Empire yìí ni wọ́n fi ń ṣáájú orúkọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ìjọba wọn gbà tàbí tí wọ́n kàn nígbà ogun náà. Wọn kò lè fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Orí erékùṣù ni wọ́n wà, ẹran láti Argentina àti New Zealand ni wọ́n ń jẹ, ọkọ̀ olótùútù nìkan ló sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní oṣù August 1940, Empire Merchant kúrò ní èbúté Avonmouth, ó dorí kọ Jamaica. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ó pàdé ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan ní ìwọ̀-oòrùn Ireland. U-100 ni wọ́n ń pe ọkọ̀ abẹ́ omi náà, Joachim Schepke sì ni ọ̀gá rẹ̀. Ó yin àdó inú omi tí wọ́n ń pè ní tọ́pídò lù ú. Ọkọ̀ náà rì, àwọn kan nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ sì kú. Ohun tí Jámánì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ni Jámánì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́. Ọkọ̀ náà kò tíì lò ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù August, U-100 kan náà rì Jamaica Pioneer, ọkọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ mìíràn tó ń bọ̀ láti Jamaica. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù September, ó kan Pionier, ẹ̀gbọ́n Pomona, tí àwọn ológun Jámánì ti sọ di ọkọ̀ akósójà. Ọkọ̀ abẹ́ omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Sturgeon ló rì í nínú òkun tó wà láàárín Denmark àti Norway, ó sì ju 300 èèyàn lọ tó bá a lọ. Ẹ kà á: láàárín ọjọ́ 18, ọkọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì rì í. Ẹ̀gbọ́n wà lọ́wọ́ Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì rì í.

U-100 pàápàá kò pẹ́ láyé. Ní March 1941, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rì í, Schepke sì bá a lọ. Ogun náà kò sì yọ Èkó tiwa sílẹ̀. Ní ìparí May 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi mìíràn, U-69, ri bọ́ǹbù sínú omi lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó. Ní ọjọ́ 4 oṣù June, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn kan tó ń jẹ́ Robert Hughes kọ lu ọ̀kan, ó sì rì.

Ọ̀GẸ̀DẸ̀ SO, ỌKỌ̀ KÒ DÉ

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Tiko? Òjò kò tìtorí ogun dáwọ́ rírọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so bó ti ń so. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò wá mọ́. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé oko àwọn ará Jámánì gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ọ̀tá. Ní ìparí 1940, Ìlú Ọba dá kíkó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé dúró, kí ìwọ̀nba ọkọ̀ olótùútù tó ṣẹ́ kù lè máa gbé ẹran àti oúnjẹ mìíràn. Ọjọ́ 30 oṣù December 1945 ni ọkọ̀ Tilapa tó gúnlẹ̀ sí Avonmouth pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Jamaica. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà tí wọn kò fojú kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Àwọn tó ń ro oko ní Tiko kò ṣe ohun tó burú. Ilẹ̀ dára, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára, òṣìṣẹ́ wà. Ohun tó já ni okùn tó so oko mọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Okùn náà sì ní ìso púpọ̀: kí a gé e lásìkò, kí ọ̀nà dára, kí èbúté ṣí, kí òtútù má já, kí olùrà wà. Ìso mẹ́rin lè le dáadáa. Bí ìkarùn-ún bá tú, ẹrù ti bàjẹ́.

ÀWỌN BAKWERI DÁ ẸGBẸ́ SÍLẸ̀

Nígbà tí ogun parí, ìjọba ṣe òfin ní ìparí 1946 láti kó àwọn oko náà sábẹ́ Cameroons Development Corporation, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947. Ilẹ̀ kò padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Bakweri kò káwọ́ lérí. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1935, èyí tó fìdí tiwa múlẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn ìwádìí tí C. F. Strickland ṣe, kò ṣàjèjì sí wọn. Ní 1952 wọ́n dá Bakweri Co-operative Union of Farmers sílẹ̀. Olúkúlùkù gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù ún kù. Ẹgbẹ́ ń kó o jọ, ó ń ṣa èyí tó dára, ó sì bá ilé-iṣẹ́ Elders and Fyffes ṣe àdéhùn láti máa rà á, kí ó sì máa fi ọkọ̀ olótùútù rẹ̀ kó o lọ.

Èyí ni agbára ẹgbẹ́. Àgbẹ̀ kan tó ní odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ 20 kò lè pe ọkọ̀ wá láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ bá kó tiwọn pọ̀, ọkọ̀ á dúró dè wọ́n. Kí ọdún 1960 tó dé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà ń tà lọ́dún ti ju odidi mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn tí wọ́n ti ń wo ọkọ̀ ẹlòmíràn látẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ ilé páànù.

Ṣùgbọ́n òtútù kò sí lọ́wọ́ wọn. Olùrà kan ni, ọlọ́kọ̀ kan ni, ọjà kan náà sì ni, ìyẹn Ìlú Ọba. Ní 1961 wọ́n dìbò, Gúúsù Kamẹrúùnù sì kúrò lára Nàìjíríà, ó dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Faransé tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù October. Ní 1963, Ìlú Ọba mú ojúrere owó ibodè tó ń ṣe fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn kúrò. Òwò náà rẹ̀yìn gidigidi. Lẹ́ẹ̀kan sí i, àgbẹ̀ kò ṣẹ̀, ìso kan ló tú lókè òkun. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọ̀nà kan ò wọjà.

ÀWỌN TÓ RA ỌKỌ̀ TIWỌN

Ẹnìkan á ní, ṣebí kí wọ́n ra ọkọ̀ tiwọn ni? Àwọn àgbẹ̀ Jamaica ṣe é. Ní 1929, Jamaica Banana Producers' Association bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì ní ọkọ̀ olótùútù. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti Amẹ́ríkà, United Fruit, ló di ọjà ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, iye tó bá wù ú ló ń san.

Nígbà tí ẹgbẹ́ dé, ilé-iṣẹ́ ńlá náà fi owó díẹ̀ lé iye tó ń rà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan rí owó gọbọi, wọ́n gbàgbé àdéhùn, wọ́n sì ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn níta. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ nílò ẹrù kó tó lè gbéra, bó kún bí kò kún, iye epo tó ń jẹ kò yí padà. Nígbà tó fi di 1937, kì í ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́, ó ti di kọ́ńpìnnì. Jamaica Pioneer tí a dárúkọ lókè, ọkọ̀ rẹ̀ ni. Nítorí náà, níní ọkọ̀ nìkan kò tó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kò bá gbé ẹrù wá, yàrá òtútù ẹgbẹ́ di àpótí òfìfo tó ń jẹ epo.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN WÁ

Ọkọ̀ olótùútù kò bá ogun lọ. Láti 1957 tí Michael Ibru ti bẹ̀rẹ̀ òwò ẹja dídì ní Nàìjíríà ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń bọ́ wa. Títúsì, kòtè, ṣàwà àti pánlá tútù tí ẹ ń rà ní Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní ọjà Ìfọ̀n, inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Láti èbúté, ó bọ́ sí yàrá òtútù ńlá, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ilẹ̀, ó dé yàrá òtútù tòsí wa, ó wá dé inú kúlà ìyá ẹlẹ́ja. Ìso márùn-ún tún nìyẹn. Ẹja tó bá ti yọ́ rí lọ́nà, tí wọ́n tún padà dì, ara rẹ̀ á rọ̀, ojú rẹ̀ á wọnú, omi rẹ̀ á sì dì sí ìsàlẹ̀ páálí. Ẹni tó rà á ni yóò jẹ gbèsè àìṣedéédé ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó dáwó yàrá òtútù, ẹ jẹ́ ká yẹ nǹkan mẹ́fà wò.

Èkíní, irú ẹrù wo ni? Yàrá tó le tó fún ẹja yóò ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́. Tòmátì náà kò fẹ́ òtútù líle. Ẹ má ṣe gbà kí oníṣòwò ẹ̀rọ kan sọ fún yín pé ọ̀kan ṣoṣo yóò ṣe gbogbo rẹ̀.

Èkejì, bí iná bá lọ ńkọ́? Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ká ní ẹgbẹ́ kó páálí ẹja 40, tí èrè orí páálí kan sì jẹ́ ₦1,500. Gbogbo èrè jẹ́ ₦60,000. Ká tún ní iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ ₦20,000 lójúmọ́. ₦60,000 náà ti wọ inú jẹnẹrétọ̀. A kò tíì san owó ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ fi iye tó wà lọ́jà lónìí rọ́pò tiwa, kí ẹ wo ohun tí yóò kù.

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa kọ ọ́? Ẹ ra òṣùwọ̀n ooru, ẹ gbé e kọ́ sínú yàrá, kí ẹnìkan máa kọ ohun tó bá kà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí páálí kọ̀ọ̀kan wọlé sára rẹ̀, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jáde. Bí ẹrù bá bàjẹ́ láìsí ìwé, ìjà ló ń bí láàárín ẹgbẹ́. Bí ìwé bá wà, a óò mọ wákàtí tí òtútù já, a óò sì mọ ohun tí a ó tún ṣe.

Ẹ̀kẹrin, olùrà mélòó la ní? Ọlọ́run fi ọ̀nà jíǹkí Ọ̀wọ̀. Ọ̀kan lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀kan lọ sí Ìkàrẹ́, ọ̀kan gba Ìfọ̀n lọ sí Bìní. Ẹgbẹ́ tó ń ta gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fún oníbàárà kan ṣoṣo tó ń fi ọkọ̀ wá láti òkèèrè, ọ̀nà tí àwọn Bakweri rìn ló ń rìn. Ní ọjọ́ tí oníbàárà náà kò bá wá, ta la ó pè?

Ẹ̀karùn-ún, ṣé dandan ni kí a rà á? Àwọn yàrá òtútù oní-sólà wà ní àwọn ọjà kan ní Nàìjíríà báyìí, bí irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ColdHubs gbé kalẹ̀, tí ẹni tó kó ẹrù wá ń san owó lórí àpótí kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹgbẹ́ lè yá irú rẹ̀ lò ná kí ó mọ bí ẹrù rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀nà àwọn ìyá wa tí kò fẹ́ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó, tí a sá, tí a lọ̀ di èlùbọ́ yóò dúró fún oṣù, a ó sì rí ìpékeré dín nínú èyí tí ọjọ́ fẹ́ lé bá.

Ẹ̀kẹfà, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ yóò gbé ẹrù wá? Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí olúkúlùkù kọ iye tí yóò máa kó wá lọ́sẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i níwájú ìpàdé. Kí ó dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹni kan tilẹ̀ fi náírà díẹ̀ lé e níta. Ohun tó wó ẹgbẹ́ Jamaica kì í ṣe tọ́pídò. Kí ogun tó dé ló ti wó.

Pomona jẹ́ ọkọ̀ tó dára. Ẹ̀rọ rẹ̀ dára, àwọn tó kàn án mọ iṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tó pinnu ìgbẹ̀yìn rẹ̀ wà níta ògiri yàrá òtútù rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà níta ògiri náà: iná, ọ̀nà, olùrà, àti ìfọkàntán láàárín ara wa. Bí ìwọ̀nyí bá gún, kí a ra ẹ̀rọ. Bí wọn kò bá tíì gún, kí owó dúró sí báńkì ná.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Nínú ọjà tí ẹ ń tà, èwo ló ń tètè bàjẹ́ jù? Ọjọ́ mélòó ló lè lò?
2. Ẹ ka gbogbo ìso tó wà láàárín oko tàbí èbúté àti oníbàárà yín. Èwo ni kò sí lọ́wọ́ yín rárá?
3. Kí ló fà á tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja kò lè jọ wà nínú yàrá òtútù kan náà?
4. Kí ni ẹgbẹ́ Bakweri ṣe dáadáa? Kí ló kù díẹ̀ káàtó?
5. Bí ẹnìkan bá fi owó lé iye tí ẹgbẹ́ ń san fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, kí ni òfin ẹgbẹ́ yín sọ?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé, kí ẹ sì fi rán wa létí ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí. Ó dìgbà kan ná. Ọjà á tà o.